Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Tí A Ń Pe Àìsàn

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìgè ni a ń pe ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí ni a ń pe èyí tó dojú bolẹ̀, Abíọ́nà sì ni èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, bó bá ti gbọ́ orúkọ, ó ti mọ díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń sọ àìsàn lórúkọ, kí ni a wò? Ǹjẹ́ ẹni tó gbọ́ orúkọ náà mọ ohun tó ń ṣe é lára, àbí orúkọ náà gan-an ló ń ṣì í lọ́nà?

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ àwọn orúkọ àìsàn kan wò ní èdè wa, bí olùkọ́ ṣe ń fi bírò pupa yẹ iṣẹ́ wa wò. Èyí tó bá yege, máa sọ pé ó yege. Èyí tó bá fìdí rẹmi, máa sọ ibi tó ti ṣìnà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn àgbà tó sọ àìsàn lórúkọ lọ. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yìí ṣe ìyá tó bí bàbá mi ní jàǹbá, ẹnu èmi gan-an ni orúkọ náà sì ti jáde.

Nígbà tí mo wà ní SS1, olùkọ́ Báọ́lọ́jì wa fún wa ní ogójì ọ̀rọ̀ ìṣègùn láti kọ́ sórí. Ó kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ìṣègùn dà bí ilé alábúlọ́ọ̀kù: bí a bá mọ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, a ó mọ ilé náà. "Hyper-" túmọ̀ sí àpọ̀jù, "hypo-" túmọ̀ sí àìtó. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí "-itis", ẹ̀yà ara kan ló wú tó sì ń gbóná. Èyí tó bá parí sí "-ectomy", wọ́n gé nǹkan kúrò nínú ara ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí a ṣe ìdánwò, mo gba méjìdínlógójì nínú ogójì, màmá mi sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri yàrá ìdáná.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo tẹ̀lé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, Ìyá Àgbà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ apá wọn, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀, dókítà sì kọjú sí mi pé kí n sọ fún wọn pé wọ́n ní "hypertension". Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ogójì mi. Mo yíjú padà, mo ní:

"Ìyá Àgbà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àjọkẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi kò ru o. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló bí mi nínú?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dókítà kọ oògùn, ó ní kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n má ṣe dá a dúró. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n n kò túmọ̀ ìdí rẹ̀, torí pé èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà lo oògùn náà fún oṣù kan ó lé díẹ̀. Ní àkókò yẹn, àwọn àti oníbàárà kan ní Ìtokú ń fa ọ̀rọ̀ owó aṣọ. Nígbà tí oníbàárà náà san owó tán, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ mi náà á ti rọlẹ̀." Wọ́n gbé oògùn jù sínú àpótí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò ronú. Ohun tó bá ń ru, bí a bá yọ iná lábẹ́ rẹ̀, yóò rọlẹ̀. Orúkọ tí mo fún wọn ni wọ́n tẹ̀lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá Ìyá Àgbà tí ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, wọn kò sì lè gbé ọwọ́ òsì. Àwọn ará ilé ní ọfà ni, pé ọ̀tá ló ta wọ́n. Wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, wọ́n gbàdúrà, oòrùn ti mú kí a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Sítíróòkì ni. A dúpẹ́ pé wọ́n wà láàyè, wọ́n sì ń rìn. Ṣùgbọ́n àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di ìko mọ́ aṣọ, wọ́n sì ti ń di í láti ìgbà tí wọn kò tíì dàgbà tó èmi. Ọwọ́ òsì yẹn kò di ìko mọ́ títí di òní.

Ibí ni àgbéyẹ̀wò mi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni orúkọ tí à ń pè ní "ẹ̀jẹ̀ ríru" sọ fún ẹni tó gbọ́ ọ? Ní èdè wa, òkun a máa ru, ọtí a máa ru, ìjà a máa ru, inú ẹni a sì máa ru. Gbogbo ohun tó bá ń ru ni a máa ń rí tàbí kí a mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru yóò máa retí ariwo nínú ara, yóò sì gbà pé ìbínú tàbí ìrònú ló fà á. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò hó, kò sì gbóná. Ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá wà ní 120 lórí 80, kò séwu. Bó bá ń dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ti ga. Ènìyàn lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ẹ̀fọ́rí, láìní òòyì, kó sì máa jó níbi ìnáwó. Ìbínú lè mú un lọ sókè fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú dídùn kò wò ó sàn.

Nítorí náà, mo fún "ẹ̀jẹ̀ ríru" ní máàkì kékeré. Ó sọ ibi tí àìsàn wà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀. Ó sọ pé nǹkan lọ sókè. Ṣùgbọ́n ó sọ àmì tí kò sí, ó sì tọ́ka sí ìwòsàn tí kì í ṣe ìwòsàn.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a máa pe gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì." Ẹ jẹ́ kí a yẹ Gẹ̀ẹ́sì náà wò. Nínú "hypertension", ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí nínà ló wà lẹ́yìn "tension". Ṣùgbọ́n ní kíláàsì wa, bí a bá ní "Má fún mi ní tẹ́ńṣọ̀n," ìdààmú ọkàn ni a ní lọ́kàn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ṣì í gbọ́. "Malaria" ńkọ́? Èdè Ítálì ni, ó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú, torí pé àwọn ènìyàn gbà nígbà náà pé òórùn àbàtà ló ń fà á. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Orúkọ náà ti ń purọ́ kí wọ́n tó mọ òótọ́, ó sì ń purọ́ lọ. "Cancer" ní tirẹ̀, alákàn ló túmọ̀ sí ní Látìn.

Kí ló wá dé tí irọ́ inú "malaria" kò pa ẹnikẹ́ni lára lónìí? Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Ítálì nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti di orúkọ lásán. Orúkọ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí "ru" jẹ́, ó mọ ohun tí "jẹ" jẹ́, ó mọ ohun tí "gbẹ" jẹ́. Orúkọ wa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ṣàlàyé. Bó bá sọ òótọ́, ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bó bá purọ́, àwọn ènìyàn yóò gba irọ́ náà gbọ́ torí pé èdè abínibí wọn ló sọ ọ́.

Mo fẹ́ yin àwọn tó yege. Èkíní ni "ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀". Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ní ojú inú. Ó wo ojú aláìsàn, ó rí i pé funfun ojú ti yí padà. Ó wo ìtọ̀, ó rí i pé ìtọ̀ náà ti pọ́n. Àmì méjì tí dókítà yóò béèrè nípa wọn nìyẹn nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣòjòjò, wọ́n sì wà nínú orúkọ kan ṣoṣo. Ìyá tó mọ orúkọ yìí mọ ibi tó yẹ kí òun wò lára ọmọ òun.

Èkejì ni "àtọ̀gbẹ". Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń tọ̀ títí tó fi ń gbẹ ni. Ìtọ̀ àtọ̀ọ̀tọ́jú àti rírù jẹ́ méjì nínú àmì àìsàn yìí tí a kọ́ ní kíláàsì. Àwọn Gíríìkì tó pè é ní "diabetes", omi tó ń gba inú ènìyàn kọjá ni wọ́n rí. Ìtọ̀ ni àwọn àgbà wa náà wò. Àmọ́ n kò ní fún un ní gbogbo máàkì, torí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in lónìí ló sanra, àwọn kan kò sì rí àmì kankan níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn ju "ìtọ̀ ṣúgà" tí a ń pè é báyìí lọ. Mo mọ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò lè mú òun torí pé òun kì í fi ṣúgà sí tíì. Àwo ẹ̀bà tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ ga bí òkè. Ẹ̀bà náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sọ ìyẹn fún un.

Ẹ̀kẹta ni "àjẹsára". Kì í ṣe orúkọ àìsàn, oògùn tó ń dènà àìsàn ni. Láyé àtijọ́, ohun tí ènìyàn jẹ sára ṣáájú kí ewu tó dé ni àjẹsára. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àti oògùn ìkánlẹ́nu ọmọdé dé, wọ́n gbé orúkọ náà fún un, ó sì bá a mu. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í wo àìsàn tó ti dé, ó ń múra ara sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fún ní iṣẹ́ tuntun ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Àwọn kan wà tí wọ́n yege lápá kan tí wọ́n sì kùnà lápá kejì. "Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" tí a ń pe "hepatitis" sọ ẹ̀yà ara tó kàn gẹ́gẹ́ bí orúkọ Gíríìkì náà ṣe sọ ọ́: ẹ̀dọ̀ ni. Ó sì sọ pé nǹkan ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn á sì fi àjẹ́ àdúgbò sí àyè tó ṣófo yẹn. Kòkòrò àìfojúrí ló sábà máa ń fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B.

"Fòní-kú-fọ̀la-dìde" náà ńkọ́, tí àwọn kan ń pe àìsàn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS? Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò purọ́. Àìsàn náà a dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lónìí, ó lè jẹ́ pé lọ́la yóò wà ní pápá ìṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní in, ó sì bi mí pé, "Ṣé òkú ni mí, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ sí mi lára?" N kò rí èsì fún un. Orúkọ yẹn kò sì sọ ohun tó yẹ kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ara wọn mọ̀, pé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti ń wá. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà fi jẹ́ SS. Orúkọ tó sọ òótọ́ nípa àìsàn, tó sì ń dun aláìsàn, kò tíì yege.

Àwọn orúkọ tó fìdí rẹmi pátápátá, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà fìdí rẹmi. Àwọn kan ń da nǹkan rú. "Rọpárọsẹ̀" ni a ń pe àìsàn ọmọdé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pólíò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pe sítíróòkì bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn méjèèjì ń sọ apá àti ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, àǹtí mi kan bi mí pé, "Ṣebí wọ́n máa ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ló dé tí wọn kò kán an fún Màmá?" Ọgbọ́n ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Orúkọ kan náà, ó yẹ kó jẹ́ oògùn kan náà. Ṣùgbọ́n pólíò ni oògùn yẹn ń dènà. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé pólíò àtilẹ̀wá ti tán ní Áfíríkà. Kò lè ṣe nǹkankan fún sítíróòkì, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú orí. "Ibà" náà ní irú àléébù yìí. Ara tó bá ti gbóná, ibà ni, a ó sì gba ilé kẹ́mìsì lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ bóyá ti ẹ̀fọn ni tàbí òmíràn.

Àwọn kan sì ń gba ìrètí lọ́wọ́ ènìyàn. Ìwọ̀nyí ló burú jù lójú mi. "Àrùn kògbóògùn" ni a ń pe àìsàn tí kòkòrò HIV ń fà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sí oògùn tó ràn án. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni àwọn dókítà ti rí i pé bí wọ́n bá pa oògùn pọ̀, wọ́n lè tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀. Oògùn kò tíì lè lé e kúrò lára pátápátá, àmọ́ ó ń gbọ́ oògùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì àyẹ̀wò, tó gbọ́ pé kògbóògùn ni, kí ló máa lọ gba oògùn fún? Orúkọ rẹ̀ kejì, "éèdì", tí a fà yọ láti inú AIDS, tún wá jọ èèdì tí wọ́n fi ń di ènìyàn. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ló dì í fún un.

Ẹ má sọ pé orúkọ kò lè yí padà. Àwọn àgbà kò jẹ́ dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, torí ìbẹ̀rù. Ní ọdún 1977 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó kó o láàárín ìlú, ní ilẹ̀ Sòmálíà, nígbà tó sì di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Àjọ yìí kan náà kọ ìlànà jáde ní ọdún 2015 pé kí wọ́n má fi orúkọ ìlú, ènìyàn tàbí ẹranko sọ àrùn tuntun mọ́, kí ó má bàa ta àbùkù ẹnikẹ́ni. Ní 2022, wọ́n yí "monkeypox" padà sí "mpox". Bí àwọn onímọ̀ ayé bá lè jókòó kí wọ́n tún orúkọ yẹ̀ wò, àwa náà lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a kó gbogbo orúkọ àtijọ́ dànù. Orúkọ tí gbogbo ọjà ti mọ̀, a kò lè fi ìwé òfin pa á. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré ju ìyẹn lọ: kí orúkọ kan má ṣe jáde lẹ́nu wa láìní gbólóhùn kan lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru: kì í ṣe ìbínú, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ojoojúmọ́ ni oògùn rẹ̀." "Kògbóògùn ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ó ń gbọ́ oògùn báyìí."

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibí ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Ìwé ogójì ọ̀rọ̀ yẹn ní òpó méjì: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Mo kọ́ ọ sórí, mo sì gba máàkì. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi bí màá ṣe sọ ọ́ nílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi òpó kẹta kún un: "Báwo ni màá ṣe sọ èyí fún ìyá àgbà mi?" Ẹni tí kò bá lè kọ nǹkan sí òpó kẹta kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà, kódà bó gba ogójì nínú ogójì. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì mọ̀wé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń bá yín túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró sórí orúkọ. Ẹ bi í pé, "Kí ni ìyẹn ń ṣe nínú ara? Kí ló fà á? Ìgbà wo ni màá dá oògùn dúró?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó bi dókítà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní èsì àyẹ̀wò jẹ́ "positive", ẹ má sọ fún àwọn ará ilé pé ó dára. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo gbé rọ́bà tí a fi ń bomi sí ewébẹ̀ wá síwájú Ìyá Àgbà. Mo ṣí omi, mo sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún wọn di rọ́bà náà mú, kí wọ́n mọ bó ṣe rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Rọ́bà náà le sí wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ yín ṣe rí nìyí. Omi kò bínú, kò hó, kò sì pariwo. Ó kàn ń ti ògiri rọ́bà ni, lọ́sàn-án àti lóru. Oògùn yẹn ló ń bá yín dẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lò ó, bí rọ́bà yìí ṣe le ló máa le."

Wọ́n di rọ́bà náà mú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn tó wà lórí itan. Wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Àjọkẹ́, kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún?"

N kò rí nǹkan sọ. Méjìdínlógójì nínú ogójì ṣì wà lára ògiri yàrá ìdáná.

Láràárọ̀ báyìí, kí wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ, wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún fún oògùn wọn. Nígbà tí a bá sì lọ fún àyẹ̀wò, tí nọ́ọ̀sì bá ti tú ẹ̀rọ kúrò ní apá wọn, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Mélòó lórí mélòó?"